Sáfà Minecraft èèyàn ọgọ́ta nínú yàrá kan n'Íbàdàn: bí iṣẹ́ náà ṣe lọ

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn wáyà abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, íntánẹ́ẹ̀tì wá ń rìn bí ìgbín káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwa bí ogún la jọ ń ṣeré Minecraft nígbà yẹn, gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ti ń fi bíríkì kọ́ ilé àti ìlú; sáfà tá à ń lò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ayé gẹ́ẹ̀mù náà dúró, òkè òkun ló wà, a máa ń dáwó jọ san án lóṣooṣù. Lálẹ́ ọjọ́ náà àbúrò mi pè mí láti Bódìjà, ó ní "Bọ̀dá mi, mi ò lè wọlé o, mi ò rí yín," mo ní èmi náà ò lè wọlé. Èmi wà ní Mọ́níyà, òun wà ní Bódìjà, ọkọ̀ kan péré ló máa gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, àmọ́ a ò lè ríra nínú gẹ́ẹ̀mù torí pé nǹkan bàjẹ́ lábẹ́ òkun lọ́nà jíjìn réré. Ó dùn mí gan-an. Ìlú tá a fi oṣù méje kọ́ wà lọ́hùn-ún, àwa tá a kọ́ ọ ò lè dé ibẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé ayé yẹn gbọ́dọ̀ padà wá sílé. Lónìí ó wà nínú yàrá mi nílé màmá mi, èèyàn tó lé lọ́gọ́ta ti wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí nǹkan ò sì fà, àmọ́ ó gbà mí tó oṣù mẹ́jọ. Mò ń kọ ọ́ síbí torí ó ti tó ẹni mẹ́rin tó ti ní kí n wá bá àwọn ṣe tiwọn, ohun tí gbogbo wọn sì kọ́kọ́ ń bi mí ni pé "Mbps mélòó ni download yín?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé download. Ẹni tó ń ṣeré ló nílò download, ìyẹn ohun tó ń wọlé. Ẹni tó gbé sáfà sílé, ohun tó ń jáde nílé ẹ̀ ló máa gbé e dìde tàbí kó rì í, àti ọ̀nà tí nǹkan náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn.

Ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀

Ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ Ryzen 5 5600, RAM 32 GB, ibi tó ń fi nǹkan pamọ́ sí jẹ́ NVMe 1 TB. Bọ́ọ̀dù àti RAM, tòkunbọ̀ ni, Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti rà wọ́n, power supply nìkan ni mo ra ní tuntun torí mi ò fẹ́ kí nǹkan tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ jẹ́ ohun tí mi ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta sáfà ọ́fíìsì àtijọ́ kan fún mi, core ogún ló ní, owó ẹ̀ sì rọjú, mo ní rárá. Iṣẹ́ tó wúwo jù nínú Minecraft, thread kan ṣoṣo, ìyẹn òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, ló ń ṣe é. Ẹ wò ó bí onílù: ìgbà ogún ló gbọ́dọ̀ lu ìlù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50 ms fún ìlù kọ̀ọ̀kan, nínú 50 ms yẹn ló ti máa gbé màlúù rìn, tí omi máa ṣàn, tí ọkà máa hù, táá sì gba gbogbo ohun tí gbogbo èèyàn tẹ̀. Tó bá ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ìlù á fà, ijó gbogbo èèyàn á bàjẹ́. Onílù mọ́kàndínlógún tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò lè bá a lu èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọwọ́ òun gan-an ló gbọ́dọ̀ yá.

Debian, irú Linux kan, ni mo fi sí i, Paper, ètò sáfà Minecraft, ló ń gbé gẹ́ẹ̀mù. Mo fún Java tí Paper ń lò ní RAM 10 GB, mi ò fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyókù wà fún nǹkan míì. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, mo fi Chunky ya ilẹ̀ ayé náà sílẹ̀ tán, 5,000 bíríkì sí apá kọ̀ọ̀kan láti àárín, ó ju chunk 390,000 lọ (chunk ni ẹ̀là ilẹ̀ kékeré tí gẹ́ẹ̀mù pín ayé sí), ó sì tó wákàtí mẹ́ta kó tó parí. Ẹ má fo èyí o. Ẹni tó bá fi ìyẹ́ fò wọ ilẹ̀ tí wọn ò tíì yà, sáfà gbọ́dọ̀ dá ilẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ẹni mẹ́ta tó bá ń fò báyẹn tó láti mú kí gbogbo èèyàn yòókù máa fà.

Pọ́ọ̀tù ṣí, kò sẹ́ni tó wọlé

Àbúrò mi wá kí wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó wọlé lórí Wi-Fi wa, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Ó padà sí Bódìjà, ó ní kò wọlé. Mo ti ṣí pọ́ọ̀tù 25565, ilẹ̀kùn tí Minecraft ń gbà wọlé, lórí ráútà, mo tì í, mo tún un ṣí, mo pa firewall, mo tan án padà, ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣe ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta ni mo wá wo ojú ìwé ráútà dáadáa níbi tí wọ́n kọ WAN sí, ìyẹn apá tó kọjú sí ìta, mo rí i pé àdírẹ́sì tí wọ́n fún wa, 100.81 ló fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tí mo bá bi íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ni àdírẹ́sì mi, nǹkan míì pátápátá ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohunkóhun tó bá ti wà láàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, CGNAT ni, ìyẹn ètò tó ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, ọdún 2012 ni wọ́n ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ fi ojú agboolé wò ó. Igba ìdílé ló wà nínú agboolé kan, géètì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì wà lára géètì náà. Tí èmi bá rán ọmọ jáde lọ ra nǹkan, mẹ́gáàdì rí i nígbà tó ń jáde, tó bá ń padà bọ̀ ó mọ yàrá tó ń lọ. Àmọ́ tí àlejò bá dédé kan géètì láti ìta tó ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe gẹ́ẹ̀mù lòun ń wá, mẹ́gáàdì ò mọ èwo nínú igba, á dá a padà ni. Ohun tí mo ti ń ṣí tí mò ń tì látọjọ́ yìí, ilẹ̀kùn yàrá mi ni, géètì ìta ò sí lọ́wọ́ mi rárá. Àdírẹ́sì IPv4 ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ ní gbogbo ayé, kò kárí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ ọ̀kan. IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó pọ̀ gan-an, ì bá yanjú ẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì fún wa nìyẹn.

Mo pè wọ́n. Arábìnrin tó gbé e fara balẹ̀ dá mi lóhùn, ó ní "Ẹ má bínú sà, àwọn ọ́fíìsì nìkan la máa ń fún ní public IP." Mo bèèrè iye tí tọ́fíìsì jẹ́, tí mo bá san án fún ọdún kan ó ju gbogbo owó tí mo fi kó kọ̀ǹpútà náà jọ lọ.

Ọ̀nà Jámánì

Nínú agboolé báyẹn, ẹni tó bá jáde láti inú nìkan ló lè mú àlejò wọlé. Nítorí náà mo ya VPS kékeré kan, ìyẹn sáfà àyágbà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ míì, tó ní àdírẹ́sì tiẹ̀, mo wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ilé máa pè é. WireGuard ni mo lò, ó ń ṣe ọ̀nà àdáni tó ní ìdè láàárín ẹ̀rọ méjì, ìlà tó wà nínú fáìlì ẹ̀ ò pọ̀, ẹ lè kà á tán kí ẹ̀bà tó tutù. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé, PersistentKeepalive = 25, ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ilé á fi nǹkan kékeré kan ránṣẹ́ síta kí mẹ́gáàdì má bàa gbàgbé pé a ṣì ń sọ̀rọ̀. Velocity ló dúró sẹ́nu ọ̀nà lórí VPS, òun ló ń gba àwọn èèyàn, òun ló ń mú wọn gba inú WireGuard wá sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ṣe báyìí, sáfà ilé ò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ìdánimọ̀ mọ́, ohun tí Velocity bá sọ ló máa gbà. Ẹni tó bá rí ọ̀nà kàn án tààrà lè pe ara ẹ̀ ní orúkọ yín kó sì wọlé bí ọ̀gá. Ẹ tan modern forwarding, ètò tí Velocity fi ń jẹ́rìí sí ẹni tó mú wá, kí firewall ilé má sì gba ohunkóhun lórí 25565 àfi èyí tó bá gba inú WireGuard wá.

VPS yẹn, Jámánì ló wà, torí kò wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, inú mi dùn débi pé mi ò jẹun. Ọjọ́ kejì ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé nǹkan wúwo. Ping 228, ìyẹn iye ms tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó sì fi ń padà bọ̀. O wó bíríkì, bíríkì á tún padà yọ, á wá pòórá. O fi idà bọ Zombie, á ṣì dúró wò ẹ́ kó tó ṣubú. Mo ní kí àbúrò mi ṣe traceroute, tó ń fi ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà hàn, a jọ kà á lórí fóònù ní ìlà sí ìlà: láti Bódìjà ó lọ sí Èkó, ó wọ òkun, ó yọ ní Yúróòpù, ó dé Jámánì, ó yí padà, ó tún wọ òkun, ó dé Èkó, ó wá dé Mọ́níyà. Ó ju 10,000 kìlómítà lọ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìdáhùn mi sì tún gbọ́dọ̀ rin gbogbo ẹ̀ padà. Iná tó ń sáré nínú wáyà fáíbà ò ju bíi 200,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí ẹ̀rọ tá a lè rà tó máa mú un yá jù bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wáyà abẹ́ òkun yẹn náà la tún ń gbà. Ayé wa ti dé ilé o, ó wà nínú yàrá mi, àmọ́ ojú ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ ṣì ń gba lẹ́bàá Abidjan. Tó bá tún já lọ́la, a tún ti jókòó síta nìyẹn.

Ó ní láti jẹ́ Èkó. VPS Èkó tó ìlọ́po mẹ́ta owó ti Jámánì, mi ò sì fẹ́ sanwó kí n tó mọ̀, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó wà l'Ékòó ló ń gba Èkó. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì lè wà ládùúgbò kan náà kí wọ́n máa pàdé ní London tí wọn ò bá jọ so ara wọn pọ̀ nílé. IXPN ni ibi tí wọ́n ti ń so pọ̀ l'Ékòó. Mo gba àdírẹ́sì ìdánwò lọ́wọ́ àwọn VPS yẹn, mo fi mtr, tó dà bíi traceroute, wò ó láti ilé wa, àbúrò mi wò ó láti Bódìjà, ọ̀rẹ́ mi kan wò ó láti Ìlọrin. Láti ilé wa, 9 ms. Mo sanwó lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí ẹni tó wà ní Bódìjà ń rí ping 24, àwọn ará wa tó wà ní London ń rí bíi 118, ẹni kan tó wà ní Houston ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa àmọ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe, kì í jà, kò dí i lọ́wọ́. Dátà fóònù ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń gba òkè òkun kó tó padà wálé, àwọn tó ń lo ìyẹn mọ̀, mo ti ṣàlàyé fún wọn.

Ohun tó ń jáde

Fáíbà tí wọ́n fà dé àdúgbò wa, 40 Mbps ló ń wọlé, 20 ló ń jáde. Mo wọ̀n ọ́n: ẹni tó dúró sójú kan tó ń kọ́lé ò ju bíi 150 kbps lọ, ẹni tó ń fò lè gba 2 Mbps. Ibi tó ti ń gun òkè ni ìgbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, torí gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká la gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Tí view-distance, iye chunk téèyàn lè rí sí apá kọ̀ọ̀kan, bá jẹ́ 10, chunk mọ́kànlélógún lóròó lọ́nà mọ́kànlélógún níbùú ni, ìyẹn 441. Tó bá jẹ́ 6, ó di 169. Mo fi sí 6, simulation-distance, ibi tí nǹkan ti ń rìn tí ọkà sì ń hù, sí 4. Àwọn kan ráhùn pé àwọn ò rí òkè ọ̀nà jíjìn mọ́, ó ká mi lára torí òkè yẹn rẹwà lóòótọ́, àmọ́ mi ò rí bí mo ṣe lè ṣe é.

Ìyẹn ò tíì tó. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹni méjìdínlógún péré ló wà nínú gẹ́ẹ̀mù, upload, ohun tó ń jáde, ti kan 19 Mbps, gbogbo èèyàn ń fà. Ẹni méjìdínlógún! Mo ṣírò ẹ̀ lọ ṣírò ẹ̀ bọ̀, kò bára mu. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Mo yọ àwọn plugin kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé ẹnì kan ń jí nǹkan gbé, mo yí wáyà padà. Alẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo ṣí iftop, tó ń fi iye tó ń wọlé àti tó ń jáde hàn, sórí sáfà ilé, mo ṣí òmíì sórí VPS, mo gbé wọn síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ń wò wọ́n. Láti ilé sí VPS, 19 Mbps. Láti VPS sí àwọn èèyàn, 6 Mbps. Ohun tó ń wọ VPS fi ìlọ́po mẹ́ta ju ohun tó ń jáde níbẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹrù kan náà ni! Mo dìde nílẹ̀. Ẹrù yẹn, ẹnì kan ń dì í mọ́ra kó lè kéré (compress) ní Èkó, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ Èkó ni wọ́n ti máa dì í.

Nínú server.properties, ìlà kan wà tó ń jẹ́ network-compression-threshold. Nígbà tí mò ń to Velocity mo ti kà á pé kéèyàn sọ ọ́ di -1, ìyẹn ni pé kí sáfà má wulẹ̀ di ẹrù rárá, torí Velocity á dì í tó bá ń fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn. Òótọ́ ni, tí Velocity àti sáfà bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà. Tèmi ò sí lórí ẹ̀rọ kan náà, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ló wà láàárín wọn, ojú ọ̀nà yẹn gan-an ló sì tín-ínrín jù nínú gbogbo ìrìn náà. Mo sọ ọ́ padà di 256, mo tan sáfà padà, èèyàn ogún wọlé, upload wà ní 6 àti díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin torí -1. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ mú ìyẹn.

Ìlà epo

Upload ti wá sílẹ̀, àmọ́ nígbàkigbà tí ẹni mẹ́ta bá wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ping gbogbo èèyàn á fò láti 24 lọ sí 700, 900, á sì padà wálẹ̀. Ẹ wo ìlà epo ní filling station: ọlọ́kadà kan fẹ́ ra lítà méjì, àmọ́ ẹni tó wà níwájú ẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Epo wà, pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tó bàjẹ́, ọlọ́kadà ṣáà gbọ́dọ̀ dúró. Àpótí fáíbà tí wọ́n gbé fún wa, ìlà gígùn ló máa ń tò síwájú ara ẹ̀, kì í lé ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń wọlé ló gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹni tó ń jà ló ni lítà méjì.

Mo ra ráútà tó gba OpenWrt, irú Linux fún ráútà, mo fi SQM sí i pẹ̀lú CAKE, ètò tó ń ṣàkóso ìlà, mo ní kí ó má jẹ́ kí ohun tó ń jáde kọjá 17 Mbps. Ẹ ò ní fẹ́ ṣe é torí ó dà bíi pé ẹ sọ 3 Mbps nù, àmọ́ ohun tó ń ṣe ni pé ìlà ò ní tò nínú àpótí wọn mọ́, inú ráútà tiyín ló máa tò sí, ibẹ̀ ni CAKE ti ń pín in kárí: kẹ́ẹ̀gì kan, lítà méjì, kẹ́ẹ̀gì kan, lítà méjì.

Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò ṣe bí mo ṣe rò. Ó pẹ́ kó tó yé mi. WireGuard wà lórí sáfà, nítorí náà kí ẹrù tó dé ráútà, wọ́n ti dì gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, wọ́n sì ti tì í pa. CAKE ò rí ẹni ọgọ́ta, ẹnì kan ló rí. Mo wá gbé WireGuard kúrò lórí sáfà, mo gbé e sórí ráútà náà níbi tí CAKE wà. Tí àwọn méjèèjì bá wà lórí Linux kan náà, WireGuard máa ń fi àmì sílẹ̀ lára ẹrù kọ̀ọ̀kan pé ti ẹni báyìí ni, CAKE á sì rí àmì yẹn ka. Láti ọjọ́ yẹn, kí ẹni márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan, ping ò ju 35 lọ.

Ẹnì kan tá a lé jáde fi pàǹtírí ìsọfúnni kọlù wá lóṣù Kẹjọ kí ọ̀nà wa lè dí, ó pọ̀ gan-an. VPS ló lù, kò mọ ilé wa, ní wákàtí méjì ó rẹ̀ ẹ́.

Iná

Ẹ̀rọ náà ń jẹ bíi 65 wáàtì, ráútà àti àpótí fáíbà jẹ́ ogún. Kò pọ̀. Bátìrì lithium ínfátà wa tó 2.5 kWh, àmọ́ kì í ṣe tèmi nìkan, màmá mi sọ fún mi níjọ́ kìíní pé "Ẹja mi ò gbọdọ̀ bàjẹ́ nínú fíríìsà o," ẹnu wa sì kò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí NẸ́PÀ mú iná lọ lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti tò, sáfà wà láàyè, gbogbo èèyàn jáde. Ẹ̀rọ nìkan ni mo ti fà sórí ínfátà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí àpótí fáíbà wà ò sí lára ẹ̀. Mo yí i lọ́jọ́ kejì. Èyí tó dùn mí lọ́kàn ni èyí tó tẹ̀ lé e. Iná lọ láti àárọ̀, kò dé títí òru, ní nǹkan bíi aago mẹ́ta òru bátìrì tán, sáfà kú lójijì níbi tó ti ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó jí, fáìlì r.2.-1.mca ti bàjẹ́. Fáìlì bẹ́ẹ̀ kan, chunk 1,024 ló wà nínú ẹ̀. Inú ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ilé ìyá àgbà ẹ̀ sí, pẹ̀lú kànga ẹ̀hìnkùlé, pẹ̀lú igi ọsàn, ó ti ń kọ́ ọ bọ̀ látìgbà tí ìyá náà ti kú. Mo lọ dúró níbẹ̀, ilẹ̀ gbẹrẹfu ni, koríko lásán.

Ẹ̀dà tá a fi pamọ́ (backup) wà, tó ti pé wákàtí mẹ́fà, ilé náà padà wá, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló lọ. Mo pè é fúnra mi, mo bẹ̀ ẹ́, a jọ tún òrùlé náà kàn. Ó ní "Ẹ má da ara yín láàmú Bọ̀dá, mo ṣì rántí bó ṣe rí."

Lẹ́yìn ìyẹn mo wá ọgbọ́n sí i. Ínfátà wa ò ní ọ̀nà tó lè gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Mo mú ráútà àtijọ́ kan tí a ò lò mọ́, mo kì í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti NẸ́PÀ nìkan, mo wá kọ skíríptì kékeré tó ń ping ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá dáhùn, iná ti lọ nìyẹn, skíríptì á bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Tó bá di wákàtí keje á kọ ọ́ sójú gbogbo èèyàn pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á wá ṣe save-all kí gbogbo nǹkan wọ díìsì, á ti gẹ́ẹ̀mù, á pa ẹ̀rọ. Ohun tó kù nínú bátìrì, ti ẹja ni. Ní wákàtí mẹ́ta sí wákàtí mẹ́ta ni mo sì ń fi ayé náà pamọ́ báyìí, restic ló ń ṣe é, díìsì òde kan gbà á, ní aago mẹ́rin ìdájí ọ̀kan máa ń jáde kúrò nílé, mo dín ìyẹn kù sí 3 Mbps kó má bàa fara gbún ẹni tó bá ṣì wà lójú òru.

Ọjọ́ Cocoa House

Àwọn ọmọ náà ti ń kọ́ Cocoa House láti oṣù Kẹfà. Mítà 105 ni ti Dùgbẹ̀, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọdún 1965 ni wọ́n parí ẹ̀. Bíríkì Minecraft kan jẹ́ mítà kan, nítorí náà bíríkì 105 ni wọ́n kọ́ ọ ga. Wọ́n fẹ́ ṣí i ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé kan, kí gbogbo èèyàn pé jọ sídìí ẹ̀.

Kí gbogbo èèyàn pé jọ síbì kan ló bà mí lẹ́rù jù. Tí ẹni ọgọ́ta bá fọ́n káàkiri, ẹnì kan ń rí ẹni méjì, mẹ́ta. Tí wọ́n bá dúró sójú kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rí mọ́kàndínlọ́gọ́ta, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀ tàbí yí orí, sáfà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún mọ́kàndínlọ́gọ́ta yòókù: 60 lọ́nà 59, 3,540 ọ̀rọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí èèyàn bá di ìlọ́po méjì, ẹrù á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo dín bí ẹnì kan ṣe lè rí ẹlòmíì jìnnà tó kù sí bíríkì 40, mo yọ àwọn hopper (ohun tó ń kó nǹkan láti àpótí sí àpótí) tí ò wúlò kúrò láàárín ìlú, mo ní kí wọ́n kó àwọn adìyẹ ọjà kúrò nítòsí. Mo fọ ekuru inú fáànù ẹ̀rọ.

Wọ́n dé. Ogójì, àádọ́ta, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan, spark, tó ń fi bí ìlù sáfà ṣe ń lọ hàn, ń ṣí lórí ẹ̀, ráútà lórí kọ̀ǹpútà. Ìlù kọ̀ọ̀kan ń gba 38 ms. Upload 14. Ping 29. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú fáànù yàrá dúró, mo gbọ́ màmá mi láti pálọ̀, ó ní "Wọ́n ti mú iná lọ o!" Mo wo ojú gẹ́ẹ̀mù, kò sẹ́ni tó jáde. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Wọ́n wá gun òkè, wọ́n ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti orí òrùlé, pupa, àwọ̀ ewé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ lójú sánmà. 47 ms. Upload kan 17, ó dúró síbẹ̀, CAKE dì í mú. Ping 44. Mi ò mí. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, 41, 38. Àbúrò mi wà lórí òrùlé láti Bódìjà, èmi wà nílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbójú sókè, mo rí i tó ń fò sókè sódò létí òrùlé. Ó kọ ọ́ sójú gbogbo èèyàn pé "Bọ̀dá mi, mò ń rí yín o."